Ààyè iṣẹ́ nínú èdè R

Ààyè iṣẹ́ nínú èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ R ni ibi tí gbogbo ohun tí òǹlò bá fún ní orúkọ ń wà nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Irú ohun bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọ̀wọ́ nọ́ńbà, ọ̀rọ̀, tábìlì dátà, àbájáde ìṣirò, tàbí àṣẹ tí òǹlò fúnra rẹ̀ kọ. Àṣẹ `ls()` ni a fi ń mọ orúkọ àwọn ohun tó wà níbẹ̀. `rm()` ni a fi ń pa wọ́n rẹ́. `save()` ni a fi ń kó wọn sínú fáìlì, `load()` sì ni a fi ń kó wọn padà.

R kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí òǹlò ti rí iye kan. Ohun tó mọ̀ ni orúkọ àti iye tí orúkọ náà ń tọ́ka sí ní àkókò yẹn. Nítorí èyí, títo àwọn ohun inú ààyè iṣẹ́ àti ṣíṣàkóso wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán: òun ni ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣírò lè sọ pé nọ́ńbà tó wà níwájú òun ni nọ́ńbà tí òun rò pé ó jẹ́. Àpẹẹrẹ tí a lò nínú àyọkà yìí ni iye ènìyàn tí a kà ní Àgbádárìgì àti àgbègbè etíkun Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2006, nítorí pé iye méjì tó yàtọ̀ síra ló wà fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

== Ìtàn ==

Inú èdè S ni R ti ṣẹ̀ wá. John Chambers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èdè S ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ti Yunifásítì Auckland ní New Zealand ni wọ́n ṣẹ̀dá R ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ní ọdún 1995, wọ́n gbé e jáde lábẹ́ ìwé àṣẹ GNU, èyí tó fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ àti láti tún un ṣe. Ẹ̀dà 1.0.0 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000.

Orúkọ `ls` àti `rm` ti wà kí R tó dé. Nínú ètò Unix, tí òun náà ti Bell Labs wá, `ls` ni àṣẹ tí ń to orúkọ àwọn fáìlì inú fódà, `rm` sì ni èyí tí ń pa fáìlì rẹ́. R lo àwọn orúkọ kan náà fún àwọn ohun inú ààyè iṣẹ́. Àṣẹ mìíràn tún wà tí ń jẹ́ `objects()`. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti `ls()` ń ṣe.

== Bí ohun ṣe ń wọ ààyè iṣẹ́ ==

Àmì `<-` ni a fi ń fún ohun ní orúkọ. Orúkọ yóò wà ní apá òsì àmì náà, iye yóò sì wà ní apá ọ̀tún. Lẹ́tà tàbí àmì ìdánudúró ni orúkọ fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró àti ìlà ìsàlẹ̀ sì lè tẹ̀lé e. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí lẹ́tà kékeré, nítorí náà ohun méjì ni `Iye` àti `iye`.

Orúkọ tí R fúnra rẹ̀ pe ààyè iṣẹ́ ni `.GlobalEnv`. Bí òǹlò bá dárúkọ ohun kan níbẹ̀, ààyè iṣẹ́ yìí ni R yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó yẹ àwọn àkójọ àṣẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò. Àṣẹ `search()` ń fi ìtẹ̀léra yìí hàn. Fún àpẹẹrẹ, R ní ohun kan tí ń jẹ́ `pi`, iye rẹ̀ sì jẹ́ 3.141593. Bí òǹlò bá kọ `pi <- 3`, 3 ni gbogbo ìṣirò tó bá ṣe ní ààyè iṣẹ́ náà yóò máa lò láti ìgbà yẹn lọ. Ti àkọ́kọ́ kò parẹ́. Ti òǹlò ni ó bò ó. Bí a bá kọ `rm(pi)`, ti àkọ́kọ́ yóò tún fara hàn.

Inú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ni ààyè iṣẹ́ wà. Bí iná bá lọ, tí kọ̀ǹpútà sì kú kí òǹlò tó fi ohun kankan pamọ́ sínú fáìlì, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

== Àpẹẹrẹ: ìkànìyàn ọdún 2006 ==

Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ètò ìkànìyàn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ka àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ náà ní ọdún yẹn kan náà. Èsì méjèèjì kò bára mu. Èsì tí àjọ ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kéde fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà jẹ́ 9,013,534, ṣùgbọ́n ti ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ 17,552,942. Nínú ìwé tí àjọ náà gbé jáde lẹ́yìn náà, iye tirẹ̀ di 9,113,605.

Iye tó wà fún ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn ní ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, àti ọ̀kan ní ìlà-oòrùn etíkun náà, nìyí:

* Àgbádárìgì: àjọ ìkànìyàn, 241,093, ìjọba ìpínlẹ̀, 380,420
* Ọ̀jọ́: àjọ ìkànìyàn, 598,071, ìjọba ìpínlẹ̀, 941,523
* Amúwo-Ọ̀dọ̀fin: àjọ ìkànìyàn, 318,166, ìjọba ìpínlẹ̀, 524,971
* Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí: àjọ ìkànìyàn, 117,481, ìjọba ìpínlẹ̀, 99,540

A lè fi wọ́n sínú ààyè iṣẹ́ báyìí:

    ajo_2006 <- c(Badagry = 241093, Ojo = 598071,
                  Amuwo = 318166, Ibeju = 117481)
    eko_2006 <- c(Badagry = 380420, Ojo = 941523,
                  Amuwo = 524971, Ibeju = 99540)
    ipin <- eko_2006 / ajo_2006

Ohun `ipin` ń sọ iye ìgbà tí èsì ìjọba ìpínlẹ̀ fi jẹ́ èsì àjọ ìkànìyàn. Bí a bá fi `round(ipin, 2)` gé e kúrú, Àgbádárìgì jẹ́ 1.58, Ọ̀jọ́ jẹ́ 1.57, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin jẹ́ 1.65, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí sì jẹ́ 0.85. Nínú ogún ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí nìkan ni iye ti ìjọba ìpínlẹ̀ ti kéré sí ti àjọ ìkànìyàn.

== Títo orúkọ àwọn ohun ==

Bí a bá kọ `ls()` lẹ́yìn àwọn ìlà òkè yìí, R yóò dáhùn pé:

    [1] "ajo_2006" "eko_2006" "ipin"

Ìtẹ̀léra ábídí ni R fi ń to àwọn orúkọ náà, kì í ṣe ìtẹ̀léra àkókò tí a dá wọn. Àtòjọ náà kò sì sọ ohun tó wà nínú wọn. Àwọn ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà lo àṣẹ yìí ni:

* `ls(pattern = "2006$")` ń mú kìkì àwọn orúkọ tó parí pẹ̀lú 2006 wá. Bí a bá fẹ́ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eko, `"^eko"` ni a óò kọ.
* `ls(all.names = TRUE)` ń fi àwọn ohun tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró kún un. `ls()` lásán kì í fi irú wọn hàn.
* Bí a bá lo `ls()` nínú àṣẹ tí òǹlò kọ, àwọn ohun tó wà nínú àṣẹ yẹn nìkan ni yóò tò, kì í ṣe ti ààyè iṣẹ́.
* `exists("ipin")` ń dáhùn bóyá orúkọ kan wà tàbí kò sí. Ó ń wò kọjá ààyè iṣẹ́ dé inú àwọn àkójọ àṣẹ, nítorí náà `exists("pi")` yóò dáhùn pé ó wà bí òǹlò kò tilẹ̀ dá a.

== Yíyẹ inú àwọn ohun wò ==

Orúkọ nìkan kò tó. Àṣẹ `ls.str()` ń to orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irú ohun tó jẹ́, bó ṣe gùn tó, àti díẹ̀ lára iye tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹyọ kan ṣoṣo lè lo `str()`. Nínú RStudio, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lo R, fèrèsé kan wà lápá ọ̀tún ojú ìwòran tó ń fi irú àtòjọ yìí hàn nígbà gbogbo.

Àṣẹ `object.size()` ń sọ bí àyè tí ohun kan gbà nínú mẹ́mọ́rì ṣe pọ̀ tó. Ọ̀wọ́ nọ́ńbà onídẹ́símàlì tó ní mílíọ̀nù 1 nọ́ńbà ń gba báìtì 8,000,048, nítorí pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 8, ìyókù sì jẹ́ ti àmì ìdánimọ̀ ọ̀wọ́ náà. Láti wọn gbogbo ohun inú ààyè iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a lè kọ:

    sapply(mget(ls(.GlobalEnv), envir = .GlobalEnv), object.size)

Èyí wúlò lórí kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré, nítorí ó ń fi tábìlì ńlá tí a ti lò tán hàn kí a lè pa á rẹ́.

== Ìrọ́pò láìsí ìkìlọ̀ ==

Bí orúkọ kan bá ti wà, tí òǹlò sì tún fún un ní iye mìíràn, R yóò gba iye tuntun, yóò sì gbàgbé ti àtijọ́. Kò ní béèrè, kò sì ní kìlọ̀. Ká ní òǹlò kan pe iye méjèèjì fún Àgbádárìgì ní `iye`:

    iye <- 241093
    iye <- 380420

Ohun kan ṣoṣo ni `ls()` yóò fi hàn, 380,420 sì ni yóò wà nínú rẹ̀. Bí òǹlò náà bá ṣì rò pé iye ti àjọ ìkànìyàn ló wà níbẹ̀, ìṣirò rẹ̀ yóò lọ láìsí àmì àṣìṣe kankan. Ìyàtọ̀ láàárín iye méjèèjì jẹ́ ènìyàn 139,327. Bí a bá fẹ́ pín òṣìṣẹ́ ìlera kan fún ènìyàn 5,000, iye àkọ́kọ́ yóò béèrè òṣìṣẹ́ 49, èkejì yóò béèrè 77. Ẹni tó bá ka ìròyìn náà kò ní rí ohun tó máa fi mọ̀ pé orúkọ kan ti gba iye méjì.

Ohun tó jọ èyí tún wà. Ohun tí a ṣírò láti ara ohun mìíràn kì í yí padà bí ti àkọ́kọ́ bá yí padà. Bí a bá tún `ajo_2006` ṣe lẹ́yìn tí a ti ṣírò `ipin`, èsì àtijọ́ ni yóò ṣì wà nínú `ipin` títí a ó fi tún ìlà ìṣirò rẹ̀ ṣiṣẹ́. Èyí yàtọ̀ sí tábìlì Excel, níbi tí èsì ti sábà máa ń yí padà fúnra rẹ̀.

Àṣẹ `lockBinding("ajo_2006", .GlobalEnv)` ń ti orúkọ kan pa. Bí ẹnikẹ́ni bá gbìyànjú láti fún un ní iye mìíràn lẹ́yìn náà, R yóò kọ̀, yóò sì sọ pé àṣìṣe ni. `unlockBinding()` ni a fi ń ṣí i.

== Pípa ohun rẹ́ ==

`rm(eko_2006)` ń pa ohun kan rẹ́. `rm(ajo_2006, ipin)` ń pa méjì rẹ́ pọ̀. Kò sí ibi ìkódọ̀tísí tí a ti lè lọ mú wọn padà. Òǹlò yóò ní láti tún wọn dá láti inú ìwé àṣẹ rẹ̀ tàbí láti inú fáìlì.

Bí a bá fẹ́ pa ọ̀wọ́ kan rẹ́, a lè so àṣẹ méjì pọ̀: `rm(list = ls(pattern = "^eko"))`. Ó dára kí a kọ́kọ́ kọ `ls(pattern = "^eko")` nìkan, kí a sì ka àtòjọ náà, kí a tó fi `rm` kún un. Bí orúkọ mìíràn tí a kò rántí bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eko, yóò bá wọn lọ.

`rm(list = ls())` ń gbá gbogbo ohun tí `ls()` lè rí kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé àṣẹ wọn, wọ́n sì rò pé ó ń dá R padà sí bó ṣe wà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àkójọ àṣẹ tí a ti ṣí ṣì wà ní ṣíṣí. Àwọn ètò tí a ti fi `options()` yí padà kò padà sí ipò wọn. Bí ẹlòmíràn bá sì gba ìwé àṣẹ náà, tó sì lò ó lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìlà yẹn yóò pa iṣẹ́ tirẹ̀ rẹ́. Ọ̀nà tó dájú láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a pa R, kí a sì tún un ṣí.

== Fífi pamọ́ àti kíkó padà ==

Bí òǹlò bá kọ `q()` láti jáde, R sábà máa ń béèrè bóyá kí ó fi ààyè iṣẹ́ pamọ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, yóò kó gbogbo ohun náà sínú fáìlì tí ń jẹ́ `.RData` ní fódà tí iṣẹ́ ti ń lọ. Àṣẹ `save.image()` ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìjáde. Nígbà tí a bá tún ṣí R nínú fódà yẹn, yóò kó àwọn ohun náà padà, ìlà kúkúrú kan ṣoṣo ni yóò sì fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ibí ni àṣìṣe `iye` ti lè di ohun tó pẹ́. Òǹlò lè pa ìlà tó dá `iye` rẹ́ kúrò nínú ìwé àṣẹ rẹ̀, síbẹ̀ kí ìwé àṣẹ náà máa ṣiṣẹ́ lọ, nítorí pé `iye` ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nínú `.RData`. Lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ìwé àṣẹ kan náà yóò dúró lójú ọ̀nà, R yóò sì sọ pé òun kò rí `iye`. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ R fi ń gbani nímọ̀ràn pé kí a dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́ sí ìbéèrè náà. Bí a bá fi `R --no-save --no-restore` ṣí ètò náà, kò ní kó ohun àtijọ́ wọlé, kò sì ní fi ohun kankan pamọ́ nígbà tí a bá ń jáde. RStudio náà ní ibi tí a ti lè yan èyí nínú ètò rẹ̀.

Ohun tó bá yẹ ní pípamọ́ ni a lè dárúkọ:

    save(ajo_2006, eko_2006, file = "ikaniyan.RData")
    load("ikaniyan.RData")

`load()` ń kó àwọn ohun padà pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Bí ohun mìíràn bá ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, ti inú fáìlì yóò rọ́pò rẹ̀ láìsí ìkìlọ̀. Láti yẹra fún èyí, a lè dá àyíká ọ̀tọ̀ kan, kí a tú fáìlì náà sínú rẹ̀, kí a sì wò ó ná:

    igba <- new.env()
    load("ikaniyan.RData", envir = igba)
    ls(igba)

Ọ̀nà kejì ni `saveRDS()`, tí ń pa ohun kan ṣoṣo mọ́ láìfi orúkọ rẹ̀ kún un. Ẹni tó bá fi `readRDS()` kà á ni yóò fún un ní orúkọ fúnra rẹ̀.

== Orúkọ àti àkọtọ́ Yorùbá ==

Ohun tí R kà sí lẹ́tà nínú orúkọ lè yàtọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ètò èdè tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà ábídí láìsí àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà ni ó dájú pé yóò ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Ìdí nìyí tí àpẹẹrẹ òkè fi lo `Ojo` dípò Ọ̀jọ́.

Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà lè wà nínú dátà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè àkíyèsí. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ọ: gẹ́gẹ́ bí àmì ẹyọ kan, tàbí gẹ́gẹ́ bí o pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ náà, àmọ́ R kò kà wọ́n sí ọ̀kan náà. Tábìlì méjì tí wọ́n kọ Ọ̀jọ́ ní ọ̀nà méjèèjì kò ní bára mu nígbà tí a bá fẹ́ so wọ́n pọ̀, àyàfi bí a bá kọ́kọ́ sọ ìkọsílẹ̀ méjèèjì di irú kan náà.

Ìtumọ̀ orúkọ náà ṣe pàtàkì. Àgbádárìgì lè jẹ́ orúkọ ìlú. Ó lè jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ tí a kà ní 2006. Ó sì lè jẹ́ ti apá tó kù lẹ́yìn tí Ìpínlẹ̀ Èkó yọ agbègbè ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ ti Ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì àti ti Ọlọ́runda jáde lára rẹ̀. Orúkọ tó sọ ibi tí a kà, ẹni tó kà á àti ọdún tó kà á, bíi `agb_ijoba_ajo_2006`, gùn ju `iye` lọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí àtòjọ `ls()` lè ṣàlàyé ara rẹ̀.

== Ìlànà tó wọ́pọ̀ ==

* Ìwé àṣẹ ni kí a kà sí orísun iṣẹ́. Ààyè iṣẹ́ jẹ́ ohun tí a lè tún dá láti inú rẹ̀ nígbàkígbà.
* Kí orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan fi orísun iye rẹ̀ hàn.
* Kí a lo `ls()` àti `ls.str()` kí a tó kọ èsì sílẹ̀, pàápàá lẹ́yìn `load()`.
* Kí a ka àtòjọ àwọn ohun tí a fẹ́ pa rẹ́ kí a tó lo `rm()`.
* Kí a pa R, kí a tún un ṣí, kí a sì tún ìwé àṣẹ ṣiṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a tó fi èsì ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí èsì bá yí padà tàbí bí R bá sọ pé òun kò rí ohun kan, a jẹ́ pé ohun àtijọ́ kan nínú ààyè iṣẹ́ ni iṣẹ́ náà ti gbára lé.